Àga Tí Gbogbo Ìjọ Ti Rí

Lọ́ńdọ̀nù,
9 Oṣù Kẹta, 1969.

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ níwájú yín àti níwájú Màmá, bí orúnkún mi tilẹ̀ ń dùn mí nítorí òtútù ibí yìí. Ẹ kú ewu ogun. Lẹ́tà tí ẹ fi rán ẹni tó ń lọ sí Èkó dé ọwọ́ mi ní oṣù tó kọjá. Ó lé ní ogún oṣù tí mi ò ti gbúròó yín. Mo kà á ní ìdúró, mo kà á ní ìjókòó, mo tún gbé e lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo rí i pé ẹ̀yin àti Màmá ti kúrò ní Buguma ìlú Màmá, pé ẹ ti padà sí Rumuomasi, pé ilé ṣì wà ṣùgbọ́n wọ́n ti kó gbogbo irinṣẹ́ yín lọ, mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Ibi tí ẹ ti sọ pé olè kó ayùn mẹ́rin, ó wá fi èyí tí kò mú sílẹ̀ fún yín nítorí ojú àánú ni.

Ẹ ní ẹ ti fi pákó àpótí ẹrù ṣe àga kan fún Màmá: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí imú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Buguma, apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ iwájú sì jẹ́ igi kan náà, kò sí ojú ìṣó níbẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré lẹ fi sọ ọ́. Bàbá, ìlà mẹ́ta yẹn ò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́ mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ òfin tí mò ń kọ́, mò ń ṣe akọ̀wé fún ìgbìmọ̀ kan. Lọ́yà mẹ́fà ni wọ́n, ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo wọn, Ọ̀gá Adégbóyèga ni alága. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ara wọn lọ́wọ́ ni láti wá irú òfin tó yẹ kí a ní nílé lórí bátànì nǹkan: ìrísí àga, ìrísí ìgò, òdòdó ara aṣọ. Kì í ṣe iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe o, ohun tí ojú rí lára rẹ̀ ni. Bó ṣe wà báyìí, ẹni tó bá fẹ́ kí bátànì rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ ní Nàìjíríà, Lọ́ńdọ̀nù ló gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ìwé kankan nílé tí a lè kọ ọ́ sí. Àwọn ọ̀gá mi ní àwọn ò ní sinmi títí a ó fi ní ọ́fíìsì tiwa, pẹ̀lú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè wọlé wá ṣí wò, tí káfíńtà Rumuomasi á lè kọ orúkọ rẹ̀ sí láì wọ ọkọ̀ òkun. Wọ́n tún fẹ́ kí ẹ̀tọ́ náà jẹ́ ti ẹni tó ṣe é fún ọdún mélòó kan, kó tó wá di ti gbogbo ayé. Orí iye ọdún yẹn ni wọ́n ti ń bára wọn jà láti Kérésìmesì.

Ohun tí wọn ò ní ni àpẹẹrẹ. Inú ìwé ni wọ́n ti ń sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Mo dìde, mo ní bàbá mi ní àga kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya á sórí ìwé fún mi.

Ọmọ yín tí ń wojú ọ̀nà,
Yétúndé.


Rumuomasi, Port Harcourt,
20 Oṣù Kẹrin, 1969.

Yétúndé, Àwẹ̀ró ọmọ mi,

O kí wa, a gbà á. Ìyá rẹ ní orúnkún tó ń dùn ọ́ yẹn, àdí ni kí o fi ra á. Mo ní níbo ni yóò ti rí àdí ní Lọ́ńdọ̀nù? Ó ní ẹni tó mọ ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù kò lè ṣàì mọ ọ̀nà àdí. Ìwọ àti òun ni.

Lọ́yà mẹ́fà! Lọ́yà kan ṣoṣo ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi nílé. Mẹ́fà á gba odindi ìlú. Èmi tí mo ti ń ṣe káfíńtà Relúwéè láti 1938, mo ti kan ìjókòó tí gómìnà jókòó lé, kò sí ẹni tó bi mí léèrè rí pé ta ló ni ìrísí rẹ̀. Ó wá di orí àga pákó àpótí.

Mo mọ̀ ọ́n ṣe ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n yà sórí ìwé. Ilẹ̀ ni mo máa ń ya iṣẹ́ mi sí, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, tí mo bá parí, ìyá rẹ á gbá a dànù. Ṣùgbọ́n Dagogo ará ilé kejì wa, tó ń ya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì ìjọba, ó wá síbí, ó yí àga náà sọ́tùn-ún yí i sósì, ó ní, “Papa Yétúndé, who teach you this one? E be like say the wood just grow so.” Mo ní ogun ló kọ́ mi. Òótọ́ ni. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó ní ilé àna mi ní Buguma láì fọwọ́ kan igi. Imú ọkọ̀ ni mò ń wò láàárọ̀, imú ọkọ̀ ni mò ń wò nírọ̀lẹ́, ọwọ́ ń yún mi. Ìgbà tí mo dé ilé, ohun tí ojú mi ti kó jọ ni ọwọ́ mi ń bì jáde. Dagogo ti fi pẹ́ńsù ya díẹ̀ fún mi, ó wà nínú lẹ́tà yìí.

Àmọ́ jẹ́ kí n bi ọ́ ní ohun kan, má sì fi èdè lọ́yà dá mi lóhùn. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé yẹn, orúkọ mi ni àbí ti òyìnbó? Irinṣẹ́ tí wọ́n kó lọ, mo lè wá òmíràn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ fún Relúwéè, kò sí pákó kan lónìí tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ sí pé Akínbíyìí ló ṣe é. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí. Mo fẹ́ kí àga yìí jẹ́ orúkọ mi kí n tó kú. Mo ti sọ ọ́.

O ní ọdún mẹ́ta lo máa lò lọ́hùn-ún. Ó ti di mẹ́fà. Mi ò bá ọ jà o, mo kàn ń kà á ni.

Bàbá rẹ,
S. Akínbíyìí.


Lọ́ńdọ̀nù,
1 Oṣù Kẹfà, 1969.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Mi ò rí àdí.

Orúkọ yín ni, Bàbá. Sámúẹ́lì Akínbíyìí, káfíńtà, Port Harcourt. Bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn, kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀.

Ẹ̀ bá rí àwọn ọ̀gá mi nígbà tí mo fi àwòrán pẹ́ńsù Dagogo hàn wọ́n. Ọ̀gá Adégbóyèga dìde, ó tẹ ìdí sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé àga náà wà lẹ́yìn rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ó ní, “Ohun tí a ti ń wá nìyí.” Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn á bá yín kọ ọ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àkókò bá tó láti gbé ọ̀rọ̀ òfin tuntun lọ sí Èkó, àga yín ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀: ẹ wo ọkùnrin yìí, inú ogun ló ti ṣe bátànì yìí, ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé ìlú onílùú ló ti ní láti wá ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí Dagogo fi tàdáwà ya á dáadáa, lórí ìwé funfun, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè àti ìsàlẹ̀. Kó má kọ nǹkan kan sí i lára.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má tà á. Títí tí n ó fi kọ̀wé sí yín pé ó ti wọ ìwé, ẹ má ta àga náà fún ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Bí ẹ bá tà á, gbogbo làálàá wa já sásán. Mo mọ̀ yín, ẹ kì í lè sọ pé rárá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ sọ ọ́.

Ọmọ yín,
Yétúndé.


Rumuomasi,
15 Oṣù Kẹjọ, 1969.

Yétúndé ọmọ mi,

Àlàáfíà la wà, àyàfi ti ìró ìbọn tí a máa ń gbọ́ lọ́nà jíjìn nígbà míì. Má fòyà. Àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyí. Ó pẹ́ nítorí tàdáwà ṣòroó rí, ibà sì dá Dagogo dúbúlẹ̀.

Mo ti ṣe bí o ṣe wí. Bọ́lárìnwá wá síbí. Ọmọ ìjọ wa ni, ó ń ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ àga kan tí òyìnbó kan ń tún ṣí ní Trans-Amadi. Ẹnu Dagogo ló ti gbọ́. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ ra àga náà. Mo ní kì í ṣe títà. Ó ní, “Bàbá, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́.” Mo ní kì í ṣe títà, ọmọ mi ló ní bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Baba, na pikin dey control you now?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí Ọlọ́run fún un ní irú rẹ̀. Ó jáde lọ pẹ̀lú ojú kíkorò.

Alimat tó ń ta aṣọ ní ìkóríta bẹ̀ mí kí n ṣe ọ̀kan fún òun. Mo sọ pé rárá. Ó lé ní ogún ọdún tí a ti jọ ń gbé àdúgbò yìí, Yétúndé, mi ò sọ irú rárá bẹ́ẹ̀ fún un rí. Mo ti ṣe àga mẹ́ta báyìí. Wọ́n wà nínú yàrá, wọ́n ń wò mí, mo ń wò wọ́n. Tètè ṣe é.

Bàbá rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù,
28 Oṣù Kẹsàn-án, 1969.

Bàbá mi,

Kíákíá ni mò ń kọ èyí, ẹ foríjì mí. Àwòrán dé lánàá, wọ́n dára gan-an, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Dagogo. Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá ni a máa gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ìwé tí ẹ máa buwọ́ lù wà nínú lẹ́tà yìí, mo ti fi ìlà sí ibi tí ẹ máa kọ orúkọ sí. Ẹ dá a padà kíákíá, ẹ má ṣe dúró de ẹnikẹ́ni tó ń lọ sí Èkó, ẹ fi sí ìfìwéránṣẹ́. Mi ò lè jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n ayọ̀ ni.

Yétúndé yín.


Rumuomasi,
21 Oṣù Kẹwàá, 1969.

Àwẹ̀ró mi,

Ìwé rẹ nìyí, mo ti buwọ́ lù ú. Mo kọ orúkọ mi ní kíkún.

Jẹ́ kí n ròyìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ọ, kí inú rẹ lè dùn. O mọ̀ pé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gbà kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ta àkọ́ṣe ọwọ́ rẹ̀. Tí o bá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí, gbangba lo máa gbé e sí, kí àwọn àgbà iṣẹ́ wò ó, kí wọ́n fọwọ́ pa á lára, kí wọ́n ní lágbájá ló ṣe èyí. Ìgbà yẹn ló tó di tìrẹ. Mo wá rò ó pé ní ọdún yìí tí Ọlọ́run kó wa yọ, tí mi ò sì gbọ́dọ̀ ta àga náà, ta ló kù tí mo lè fún bí kì í bá ṣe Ẹni tó fún mi ní ọwọ́?

Lọ́jọ́ kejìlá oṣù yìí, mo fi aṣọ funfun bo ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Pásítọ̀ ní kí n ṣí i. Yétúndé, gbogbo ìjọ pariwo. Ó ní kí n dúró, ó ní, “Bàbá wa Akínbíyìí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí.” Ìyá rẹ fò sókè bí ọmọge, ó ní, “My people canoe don enter church!” Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jókòó lé e, àtọmọdé àtàgbà, wọ́n tò bí ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ. Bọ́lárìnwá mú ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó wá. Òyìnbó náà kúnlẹ̀ lẹ́bàá àga. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà, àṣé téèpù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe gbàǹjo, ọ̀gá sójà kan ló gbé e lọ.

Èmi ò tà á o. Ọlọ́run ni mo fún, ìjọ ló gbé e sí gbàǹjo. Mo pa òfin rẹ mọ́.

Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè fi ara mi sí.

Bàbá rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù,
2 Oṣù Kọkànlá, 1969.

Bàbá,

Mo kí yín. Kí lẹ ṣe fún mi báyìí?

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mo ya á lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ohun tí mo kọ kò yẹ kí ọmọ kọ ọ́ sí bàbá. Bàbá, ohun tí òfin ń dáàbò bò ni bátànì tuntun. Tuntun ni pé ojú gbogbo ènìyàn kò tíì rí i. Lọ́ńdọ̀nù ṣì lè kọ ọ́ sínú ìwé wọn, torí ẹnikẹ́ni ò tíì rí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n òfin tí a fi ń lo ìwé náà nílé sọ pé bí wọ́n bá ti fi bátànì han gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà kí Lọ́ńdọ̀nù tó kọ ọ́ sílẹ̀, adájọ́ ilé lè kéde pé kò sí ẹ̀tọ́ kankan nínú rẹ̀. Ẹ gbé e síwájú odindi ìjọ! Ẹ jẹ́ kí òyìnbó fi téèpù wọ̀n ọ́n!

Mi ò tíì sọ fún Ọ̀gá Adégbóyèga. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bàbá, ẹ gbọ́. Ọ̀nà kan ṣì kù. Àga tí ẹ gbé lọ sí ìkórè, ẹ ní mẹ́ta lẹ ṣe, ó lè jẹ́ pé èyí yàtọ̀ díẹ̀. Bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Bóyá apá rẹ̀ ní ìṣó. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan sí mi, kí ẹ sọ pé àga tí ìjọ rí kì í ṣe èyí tó wà nínú àwòrán. Ìlà méjì péré. Sójà ti gbé ti ìkórè lọ, ta ló máa wá a rí? Tí lẹ́tà yẹn bá dé kí ọjọ́ kẹtàdínlógún tó pé, màá gbé ìwé lọ, orúkọ yín á wọlé. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ fẹ́ kó jẹ́ orúkọ yín kí ẹ tó kú. Mo ń ṣe é nítorí yín ni.

Yétúndé.


Lọ́ńdọ̀nù,
30 Oṣù Kọkànlá, 1969.

Bàbá mi, Màmá mi,

Ọjọ́ ti kọjá, mi ò rí lẹ́tà. Mo purọ́ fún Ọ̀gá pé ìwé tí ẹ buwọ́ lù kò tíì dé. Inú àpò mi ló wà. Ó ní kò burú, a lè sún un síwájú. Ojoojúmọ́ ni mò ń sáré sọ̀kalẹ̀ lọ wo àpótí lẹ́tà kí onílé tó jí. Ẹ kọ nǹkan kan sí mi, ì báà jẹ́ èébú.

Yétúndé.


Lọ́ńdọ̀nù,
18 Oṣù Kìíní, 1970.

Bàbá mi,

A gbọ́ lórí rédíò pé ogun ti parí. Àwọn ènìyàn ń dì mọ́ra wọn ní ilé àwọn ọmọ Nàìjíríà níbí, èmi náà dì mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Ṣé ẹ wà láàyè? Àbí ìbínú ni? Tó bá jẹ́ ìbínú ni, mo gbà á, mo dúpẹ́, ẹ ṣáà kọ̀wé.

Ọmọ yín.


Rumuomasi,
8 Oṣù Kejì, 1970.

Yétúndé,

A wà láàyè. Mo rí lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìfìwéránṣẹ́ ò jẹ̀bi. Mi ò fẹ́ fi ìbínú kọ̀wé ni. Ìbínú náà ò tíì tán, àmọ́ ìyá rẹ ní èyí tó bá ti wọ oṣù kẹrin, àìsàn ló ti dà.

O ní kí n kọ ọ́ pé àga tí ìjọ rí kì í ṣe èyí. Ìjọ wo? Ìjọ tí èmi fúnra mi máa ń ka Bíbélì fún láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi? O ní kí n fi ìlà méjì sọ pé mo fi ìṣó kan apá àga mi. Orúkọ tí mo fẹ́ kó wà lára àga náà, ìwọ fẹ́ kí n fi irọ́ rà á. Orúkọ tí a bá fi irọ́ kọ sílẹ̀, tí adájọ́ bá wá pè mí, kí n gbé Bíbélì lọ́wọ́, kí ni n ó wí? Ó dùn mí. Ó dùn mí ju irinṣẹ́ tí wọ́n kó lọ.

O kọ ọ́ sí mi pé kí n má tà á. O ò kọ ọ́ pé kí n má fi hàn. Ká ní o ní kí n má fi hàn, ǹ bá tilẹ̀ má bi ọ́ ní ìdí, ǹ bá ti fi aṣọ bò ó títí di òní.

Èyí tí mo fẹ́ kọ báyìí kì í ṣe tìrẹ, kà á fún àwọn lọ́yà mẹ́fà yẹn. Ẹ̀yin ọ̀gá, mo kí yín. Ọmọ mi ní ẹ̀ ń wá ohun tó yẹ kí òfin wa ṣe. Níbi tí mo ti wá, bí ènìyàn bá bímọ, kì í fi ọmọ pamọ́ kó tó di tirẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ a kó o jáde, a sọ ọ́ lórúkọ lójú gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ náà ni ayé mọ bàbá rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá wá sọ lọ́la pé òun ló ni ín, igba ènìyàn ló máa dá a lóhùn. Èmi kó àga mi jáde ni. Òfin tí ẹ̀ ń lò wá sọ pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti kó ọmọ mi jáde, ó ti di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e. Ṣé irú òfin yìí náà lẹ fẹ́ gbé wá sílé, tí ẹ kàn fẹ́ yí àdírẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì rẹ̀ padà? Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún wọn tán.

Ilé iṣẹ́ Trans-Amadi ti ń ṣe é. Mo rí mẹ́rin lórí lọ́rí ní Elekahia ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fi ìṣó kan apá mọ́ ẹsẹ̀. Mo dúró lójú ọ̀nà títí lọ́rí fi yí kọ́nà. Bọ́lárìnwá bá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè wo ojú mi, ó ní, “Bàbá, ẹ má vex. Oga say the thing no get owner.” Mo délé, mo sunkún, ìyá rẹ rí mi.

Bàbá rẹ.


Lọ́ńdọ̀nù,
14 Oṣù Kẹfà, 1970.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mi ò dìde. Ẹ foríjì mí lórí irọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ pa. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá Adégbóyèga, títí kan irọ́ tí èmi fúnra mi pa fún un. Ó bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò gbé ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì, mo ti fà á ya.

Ẹ̀bi tèmi ni. Mo kọ ọ́ pé ẹ má tà á, mi ò kọ ọ́ pé ẹ má fi hàn. Mo ti pẹ́ níbí débi pé mo rò pé ohun kan náà ni, pé kò sí ẹni tó máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde láì tà á. Èmi tí ẹ tọ́ dàgbà lẹ́bàá ilẹ̀ tí ẹ ń fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sí.

Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún wọn, mo kà á ní Yorùbá, mo tún kà á ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn méjì tí kò gbọ́. Ìpàdé mẹ́rin gbáko la fi jà lé e lórí. Wọ́n ti fi kún ohun tí ìgbìmọ̀ ń lé báyìí: pé bí ènìyàn bá fi bátànì ara rẹ̀ hàn, kí ó ní oṣù mẹ́fà láti wá kọ ọ́ sílẹ̀, kí fífihàn náà má sì pa á lára. Ẹ̀yin lẹ mú un wọlé, Bàbá. Ṣùgbọ́n níbi ìdìbò, márùn-ún nínú mẹ́fà ní àfi tó bá jẹ́ ibi àfihàn tí ìjọba fọwọ́ sí. Mo dìde, mo ní, “Ìkórè ńkọ́?” Ọ̀gá ní, “Yétúndé, ṣọ́ọ̀ṣì mélòó ni adájọ́ fẹ́ máa lọ wá ẹlẹ́rìí sí?” Akọ̀wé kì í dìbò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé akọ̀wé kò gbà. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbà.

Nítorí náà àga yín kò padà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo ti yege ìdánwò. Mò ń bọ̀ nílé ní Oṣù Kọkànlá, Port Harcourt ni màá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín kò lè dákẹ́. Bí ẹ bá tún ṣe ohun tuntun kan kí n tó dé, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ má tà á, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, ẹ má gbé e jáde, kódà Dagogo. Èmi ni màá kọ́kọ́ rí i.

Ọmọ yín,
Yétúndé.


Rumuomasi,
20 Oṣù Kẹsàn-án, 1970.

Yétúndé, lọ́yà mi,

O kú oríire. Mo ti dárí jì ọ́, má tún mẹ́nu kàn án mọ́. Ìyá rẹ ti ń fọ yàrá rẹ láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé, bí ẹni pé ọ̀la lo máa wọlé.

Mo ti ṣe òmíràn. Mi ò ní kọ ohun tó jẹ́ síbí, mi ò mọ ẹni tó ń ṣí lẹ́tà. Ó dára ju àga lọ. Kódà, mi ò rò pé mo lè ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ó wà nínú yàrá ẹ̀yìn lábẹ́ aṣọ, mo ra àgádágodo tuntun sí ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ọrùn mi. Mo ti fi pákó dí ojú fèrèsé.

Mi ò gbádùn, Yétúndé. Tí mo bá wà nínú ilé, mo máa ń rò pé ẹnì kan ń yọjú. Tí mo bá jáde, màá tún padà láti ojú ọ̀nà wá wo àgádágodo. Dagogo wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní, “Papa, wetin dey that room?” Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo kọ̀ láti bá ọ purọ́, mo wá pa á fún Dagogo. Ó bu omi mu, ó lọ sílé rẹ̀, kò sì tíì padà wá. Pásítọ̀ bi mí pé kí ni mò ń gbé bọ̀ ní ìkórè ọdún yìí. Mo ní iṣu. Gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọ wò mí.

Ìyá rẹ ò bi mí ní nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ mi kankan tí òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ rí. Lónìí, bí mo ṣe ń ti ilẹ̀kùn náà, ó dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ mi lọ́wọ́. Ó wo kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi, ó wo ojú mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, kí àwọn ará ilé kejì má baà gbọ́.

Ó ní, “Samuel, who you thief am from?”

Bàbá rẹ,
S. Akínbíyìí.